Bí A Ṣe Ń Sọ Sienna Tí Ẹsẹ̀ Iwájú Nìkan Ń Wọ́ Di Onífọ́wíìlì

Ẹni tó bá ń wa Sienna gba Ìtawúrẹ́ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí èrò kún inú rẹ̀, tí iṣu sì kún bọ́ọ̀tù, yóò ti rí i pé bí ọkọ̀ bá ti dojú kọ òkè, ẹ̀yìn rẹ̀ a wúwo, imú rẹ̀ a fúyẹ́, táyà iwájú a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń rò pé ẹ́ńjìnnì ló ti rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Sienna tó wà lójú ọ̀nà wa, ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí, òkè àti ẹrù sì ti jọ gbé ìwúwo kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú náà lọ sí ẹ̀yìn, níbi tí ẹsẹ̀ méjì mìíràn kàn ń tẹ̀ lé e láìṣe iṣẹ́ kankan. Nígbà òjò, lójú ọ̀nà oko tó jẹ́ yangí àti ẹrọ̀fọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló rí, àfi pé níbẹ̀, ọkọ̀ lè yọ̀ sínú kòtò.

Ṣíṣe é kí ẹ́ńjìnnì máa yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ohun tí à ń pè ní fọ́wíìlì, ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí a lè fi ẹyọ-ẹyọ ra nǹkan rẹ̀, kí a ra dífù tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lónìí, kí a wá pùròpẹ́là, irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sí ẹ̀yìn, lóṣù tó ń bọ̀. Odindi Sienna onífọ́wíìlì kan ni a máa ń tú kí òmíràn tó di fọ́wíìlì. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ dá lórí ìlànà yẹn.

Kí ẹ tó ná owó

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ nílò rẹ̀. Fọ́wíìlì kò ní mú kí bíréèkì tètè mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni gbogbo ọkọ̀ fi ń dúró, ì báà jẹ́ fọ́wíìlì tàbí kò jẹ́ fọ́wíìlì. Kì í gbé abẹ́ ọkọ̀ sókè, nítorí náà òkúta tó ń ha abẹ́ Sienna yín lónìí yóò ṣì máa ha á. Ó máa ń fi ìwúwo kún ọkọ̀, ó sì máa ń jẹ epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́ tàbí Adó sí Ìbàdàn ni ọkọ̀ náà ń ná lójoojúmọ́, ẹ ra táyà gidi mẹ́rin, kí ẹ sì fi ìyókù owó yín sápò.

Ẹ tún yẹ ọ̀nà kejì wò, èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn: kí ẹ ta Sienna yín, kí ẹ sì ra tòkunbọ̀ Sienna tó jẹ́ fọ́wíìlì láti ilé iṣẹ́. Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú rẹ̀ sọ́jà ní Amẹ́ríkà láti orí Sienna ti ọdún 2004, nítorí náà kì í ṣe ohun àjèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀ tó ti ẹlẹ́sẹ̀ iwájú. Ẹni tí iṣẹ́ àtúnṣe yìí bá ní èrè fún ni ẹni tí ara ọkọ̀ rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dára gan-an, tó sì rí Sienna onífọ́wíìlì kan tó ti ní jàǹbá, tí wọ́n ń ta ní owó pọ́ọ́kú. Ọkọ̀ kejì yìí ni màá máa pè ní ọkọ̀ àtú.

Wíwá ọkọ̀ àtú

Ọkọ̀ àtú gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìran kan náà pẹ̀lú ti yín, ẹ́ńjìnnì kan náà sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ní. Láàárín ọdún 2004 sí 2010, ara Sienna kò yí padà púpọ̀, àmọ́ ẹ́ńjìnnì yí padà: títí dé 2006, 3.3 lítà tí wọ́n ń pè ní 3MZ ni. Láti 2007, 3.5 lítà tí wọ́n ń pè ní 2GR ni. Ẹni tó ní 3.3 kí ó wá 3.3. Ti ọdún 2021 sókè kò wúlò fún wa rárá nínú iṣẹ́ yìí, nítorí mọ́tò iná mànàmáná ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Kò ní pùròpẹ́là kankan.

Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà gbọ́ pé fọ́wíìlì ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí pùròpẹ́là bá wà, ẹ óò rí irin gígùn tó ti ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì wá títí dé àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí dífù wà, ìyẹn àpótí irin tó ń pín agbára sí ọ̀tún àti òsì. Lẹ́yìn náà, ẹ wo orúkọ gíábọ́ọ̀sì. Ní Sienna ti 2004 sí 2010, U151E ni ti ẹlẹ́sẹ̀ iwájú, U151F sì ni ti fọ́wíìlì. Ní ti 2011 sí 2016 tó ní ẹ́ńjìnnì 3.5, U660E àti U660F ni. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń sọ òótọ́ fún wa: F ni ẹ ń wá.

Ibi tí ọkọ̀ náà ti gba jàǹbá ṣe pàtàkì. Èyí tí wọ́n fi iwájú gbá nǹkan dára fún wa ju èyí tí wọ́n gbá láti ẹ̀yìn lọ, nítorí ẹ̀yìn ni púpọ̀ nínú ohun tí a fẹ́ wà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tú nọ́ọ̀tì ibi tí wọ́n ń gbà bu epo sí dífù, kí ẹ fa epo inú rẹ̀ díẹ̀ jáde sórí bébà funfun. Lúbúlúbú irin tó kúnná dáadáa kò burú. Èérún irin tí ọwọ́ lè mú kò dára, epo tó dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná sì ń sọ pé dífù náà tàbí ohun tó so mọ́ ọn ti jìyà. Ẹ fi ọwọ́ yí pùròpẹ́là, kí ẹ sì mì ín sókè-sódò ní ìdí bíárìn àárín rẹ̀. Kò yẹ kó mì jìgìjìgì.

Bí ẹ kò bá rí odindi ọkọ̀ rà ní Èkìtì, ọjà Ládípọ̀ ní Èkó àti Gate ní Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa máa ń lọ. Wọ́n lè tú u fún yín níbẹ̀. Mo gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n tú u lẹ́yìn yín. Ẹ wà níbẹ̀, kí ẹ sì kó gbogbo bóòtù, gbogbo rọ́bà ìjókòó (èyí tí dífù àti gíábọ́ọ̀sì ń jókòó lé), gbogbo irin kéékèèké tó di nǹkan mú, nítorí àwọn ohun tí olùtú kò kà sí wọ̀nyí gan-an ló máa ń dá iṣẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí ni ohun tó gbọ́dọ̀ bá yín wálé: gíábọ́ọ̀sì pẹ̀lú tránsífà tó wà lára rẹ̀, èyí tó ń yí agbára sí ọ̀nà ẹ̀yìn, ṣáfútì iwájú méjèèjì, nítorí pé tránsífà ti gba ààyè lọ́wọ́ ọ̀tún, ṣáfútì ọ̀tún kì í sì í bára mu pẹ̀lú ti ẹlẹ́sẹ̀ iwájú, pùròpẹ́là, dífù àti ìjókòó rẹ̀, ṣáfútì ẹ̀yìn méjì, irin àgbélébùú ẹ̀yìn pẹ̀lú họ́ọ̀bù (ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń so mọ́), bíréèkì àti wáyà ABS rẹ̀ (ohun tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì), wáyà bíréèkì ọwọ́, sàlẹ́ńsà láti iwájú dé ẹ̀yìn, táǹkì epo, bíréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ àti gbogbo wáyà tó lọ sí gíábọ́ọ̀sì.

Ní ti họ́ọ̀bù, ẹ wo àárín rẹ̀. Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ti ẹlẹ́sẹ̀ iwájú kò ní ihò tí ṣáfútì lè gbà wọlé. Ti fọ́wíìlì ní ihò, eyín wẹ́wẹ́ sì wà nínú ihò náà. Ẹni tó bá ní òun yóò gbẹ́ ihò sí ti àtijọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn.

Wíwọn nǹkan kí a tó tú ọkọ̀ àtú

Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọjọ́ kan gbáko ṣe. Nígbà tí ọkọ̀ àtú ṣì dúró lódindi, ẹ gbé e sórí ibi tó tẹ́jú, kí ẹ sì wọn ibi tí gbogbo ìjókòó dífù àti ìjókòó bíárìn àárín pùròpẹ́là wà. Ohun èlò tó dára jù fún un ni òjé ìwọ̀n tí àwọn bíríkìlà ń fi okùn so kọ́. Ẹ mú ihò méjì lábẹ́ ọkọ̀ tó wà nínú ọkọ̀ méjèèjì bákan náà, kí ẹ jẹ́ kí òjé náà balẹ̀ láti ibẹ̀, kí ẹ fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ihò bóòtù tó kù. Àwòrán tó wà nílẹ̀ yẹn ni ẹ óò wọn, tí ẹ óò kọ sínú ìwé, tí ẹ óò sì tún fi ẹfun yà sábẹ́ ọkọ̀ tiyín. Ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú, àmọ́ fọ́tò kò lè dípò tépù ìwọ̀n.

Ẹ fi ọ̀dà funfun sàmì sí gbogbo ibi tí pùròpẹ́là ti so pọ̀, kí ó lè padà sí ojú kan náà tí wọ́n ti ṣe é. Bí wọ́n bá yí i padà nígbà tí wọ́n ń so ó, ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n, ẹ óò sì máa wá ohun tó ń fà á kiri lára táyà.

Ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe

Ibi iṣẹ́ tó ní kòtò tàbí ẹ̀rọ ìgbọ́kọ̀sókè ni kí ẹ lò. Kò sẹ́ni tó yẹ kó wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan, búlọ́ọ̀kù oníhò kì í sì í ṣe ohun ìdúró. Ó lè fọ́ lójijì láìsí ìkìlọ̀. Àga irin mẹ́rin tó lágbára ni kí ẹ rà tàbí kí ẹ yá.

Ẹ yọ ojú bátìrì méjèèjì. Ẹ fa epo bẹntiróòlù tán kúrò nínú táǹkì, kí ẹ gbé táǹkì náà jìnnà pátápátá sí ibi tí wẹ́dà yóò ti ṣiṣẹ́, nítorí táǹkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ. Èéfín epo ló ń bú gbàù. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti ọkọ̀ àtú. Bí ìrísí wọn bá yàtọ̀, ti ọkọ̀ àtú ni kí ẹ lò, pẹ̀lú páìpù ẹnu rẹ̀. Sàlẹ́ńsà, irin àgbélébùú ẹ̀yìn àti táyà sípíà tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yóò kúrò nílẹ̀. Sípíà náà kò ní padà síbẹ̀ mọ́, nítorí ọ̀nà pùròpẹ́là ni. Ìdí nìyí tí Toyota fi kó táyà tó lè rìn díẹ̀ lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá tán fún Sienna onífọ́wíìlì, láìfún un ní sípíà. Àwa tí à ń rin ọ̀nà Òkèmẹ̀sí àti Ìkògòsì kò lè gbẹ́kẹ̀ lé irú táyà bẹ́ẹ̀, nítorí kò rọrùn láti rí òmíràn rà. Ẹ wá ààyè fún sípíà nínú bọ́ọ̀tù, kí ẹ sì fi bẹ́líìtì dì í mọ́lẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ yẹ ìjókòó wò. Bí ihò bóòtù bá ti wà lábẹ́ ọkọ̀ yín níbi tí ẹfun yín wí, iṣẹ́ ti rọrùn. Bí kò bá sí, ẹ má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ páànù ilẹ̀ ọkọ̀ lásán. Dífù máa ń fẹ́ yí ara rẹ̀ padà nígbàkúùgbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré, ó sì máa fa páànù ya. Ohun tó tọ́ ni pé kí ẹ gé ìjókòó náà pẹ̀lú irin tó yí i ká kúrò lára ọkọ̀ àtú, kí ẹ jó o mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yín tó nípọn, pẹ̀lú irin àtìlẹ́yìn ní òdìkejì, kí ẹ sì kun ojú ibi tí wọ́n jó náà, nínú àti lóde, kí ìpata má bàa jẹ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fi jíjó kéékèèké dì í mú, kí ẹ gbé dífù àti pùròpẹ́là sí i, kí ẹ rí i pé ó tọ́ lọ́gbọọgba, kí wẹ́dà tó jó o tán. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rárá, kí réwáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) yọ bíréènì bọ́ọ̀sì kúrò lára ọkọ̀. Iná wẹ́dà ti ba ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Irin àgbélébùú, họ́ọ̀bù àti bíréèkì wọlé lẹ́yìn èyí. Ẹ pààrọ̀ páìpù bíréèkì tó ti ní ìpata, kí ẹ sì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde láti ẹsẹ̀ tó jìnnà jù.

Gíábọ́ọ̀sì

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì ní Adó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé gíábọ́ọ̀sì Sienna sọ̀kalẹ̀, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ tẹnu mọ́. Kọ́ńfátà, ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ gíábọ́ọ̀sì, gbọ́dọ̀ wọlé dé òpin kí a tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá ń fi bóòtù fa méjèèjì pọ̀ tipátipá, ẹ dúró, nítorí pọ́ńpù inú gíábọ́ọ̀sì ni ẹ fẹ́ fọ́. Ẹ pààrọ̀ gbogbo sílì ẹnu ṣáfútì nígbà tí ọwọ́ ṣì lè tó wọn. Epo tí ìwé ọkọ̀ náà bá dárúkọ ni kí ẹ bù sí gíábọ́ọ̀sì. Tránsífà àti dífù yàtọ̀ ní tiwọn: gíá ọ́ìlì tí wọ́n kọ GL-5 sí lára ni wọ́n ń lò, wọn kò sì bá gíábọ́ọ̀sì pín epo.

Ẹ́ńjìnnì tiyín ni kí ẹ fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ bó bá ṣì dára, kódà bí ti ọkọ̀ àtú bá ń dún dáadáa. Bí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kò bá yí padà, wàhálà ìwé kò sí. Bí ẹ bá gbé ti àtú sí i, ẹ mú ìwé rírà rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ kí wọ́n yí àkọsílẹ̀ padà, kí ẹ tó bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó pàdé.

Dífù mìíràn àti táyà

Bí dífù ọkọ̀ àtú bá ti bàjẹ́ tí ẹ sì ra òmíràn, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ìpín eyín wọn dọ́gba. Ẹ di ẹsẹ̀ kan mú kó má yí, kí ẹ yí ẹsẹ̀ kejì ní ẹ̀ẹ̀mejì gééré, kí ọmọọṣẹ́ kan sì máa ka iye ìgbà tí ẹnu dífù, níbi tí pùròpẹ́là ti ń so, yí. Ẹ ṣe é fún dífù àtijọ́ àti tuntun. Bí iye náà bá yàtọ̀, bó ti wù kó kéré, ẹ dá a padà. Ẹsẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn tí wọn kò bá jọ yára bákan náà yóò máa bá ara wọn jà lójú ọ̀nà gbígbẹ, bí àwọn méjì tó so ẹsẹ̀ wọn pọ̀ tí ìgbésẹ̀ wọn kò dọ́gba, títí ohun kan yóò fi kán.

Ìdí kan náà ni kò fi gbọdọ̀ sí táyà tuntun níwájú àti táyà tó ti jẹ lẹ́yìn. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan náà, orúkọ kan náà. Ẹ fi tépù yí wọn ká kí ẹ wọ̀n wọ́n. Ìyàtọ̀ tó bá ju mílímítà 6 lọ ti pọ̀ jù. Àṣà ríra tòkunbọ̀ táyà kan ṣoṣo lẹ́bàá ọ̀nà gbọ́dọ̀ dópin fún ọkọ̀ yìí. Ẹni tí èyí bá ṣòro fún, kí ó má ṣe ṣe iṣẹ́ náà rárá.

Wáyà

Réwáyà tó mọ bí a ṣe ń ka àwòrán wáyà ni kí ẹ lò, kì í ṣe ẹni tó ń fi gílóòbù wá iná kiri. Bíréènì bọ́ọ̀sì ọkọ̀ àtú mọ̀ pé gíábọ́ọ̀sì fọ́wíìlì ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ nìkan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ní Sienna ti 2011 sókè, iná ló ń pàṣẹ fún ohun tó ń so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ iwájú, nítorí náà bí wáyà rẹ̀ kò bá pé, gbogbo irin tí ẹ ti gbé síbẹ̀ yóò kàn máa jókòó. Bí iná ABS kò bá kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ìdánwò

Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ óò gbé kúrò nílẹ̀, lórí àga irin, kí ẹ tó fi gíá sí D nígbà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá gbé iwájú nìkan bí ẹ ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò ti ọkọ̀ náà kúrò lórí jáàkì, ẹni tó bá wà níwájú rẹ̀ sì wọ gàù. Ẹ má ṣe tẹ tọ́tù. Kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa yí síwájú, kí ẹ sì tẹ́tí sí pùròpẹ́là.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá pápá tó gbòòrò tí wọ́n da ọ̀dà sí, tó sì gbẹ, kí ẹ yí sitiarín dé òpin, kí ẹ rìn yípo jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ tó bá ń fò, tó sì ń kérora, ń sọ fún yín pé iwájú àti ẹ̀yìn ń jà. Ẹ padà sórí táyà àti dífù. Bí ó bá rọ̀ lọ geere, ẹ gbé e gba ojú títì lọ, kí ẹ dúró lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé ọwọ́ sún mọ́ dífù láìfi kàn án. Lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò burú. Bó bá ń jóni láti òkèèrè, epo rẹ̀ kò tó tàbí ìjà wà nínú rẹ̀.

Òkè Ẹ̀fọ̀n ni kí ẹ fi parí rẹ̀, pẹ̀lú ẹrù díẹ̀ nínú bọ́ọ̀tù, kí ẹ sì dúró ní àárín òkè, kí ẹ tún gbéra. Lẹ́yìn bíi kìlómítà 500, ẹ padà sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tún gbogbo bóòtù dífù àti ti pùròpẹ́là dè, kí ẹ wo ojú ibi tí wẹ́dà jó bóyá ó ti sán, kí ẹ sì pààrọ̀ epo dífù, nítorí èyí tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ti kó ìdọ̀tí iṣẹ́ jọ.

Bí ọkọ̀ náà bá sì bàjẹ́ lọ́nà lọ́jọ́ kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ afàkọ̀ gbé imú rẹ̀ nìkan sókè kí ó sì máa wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nílẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ń yí yóò máa yí pùròpẹ́là, pùròpẹ́là yóò sì máa yí tránsífà nígbà tí iwájú kò lè yí, wọ́n á sì ti bàjẹ́ kí ẹ tó dé Adó. Orí ọkọ̀ pẹrẹsẹ tó lè gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó gùn, kí ẹ sì sọ èyí fún awakọ̀ yòówù tí ẹ bá fi kọ́kọ́rọ́ náà lé lọ́wọ́.